Wákàtí ni kí ẹ máa kà: ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù igbó

Ẹ gbé ìgò ọ́ìlì lítà 1 dání, kí ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ọ́ìlì tó ń bẹ nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ alùpùpù igbó kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré ń gba bíi lítà 4, gíà rẹ̀ sì ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lára alùpùpù, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́: òun ló ń mú kí písítìnì máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, òun ló ń gbé ooru kúrò, inú rẹ̀ ni eyín gíà ti ń rún ara wọn, inú rẹ̀ kan náà sì ni àwọn awo kílọ́ọ̀ṣì ti ń wẹ̀. Tó bá ti bàjẹ́, kò sí èyí tó máa yọ sílẹ̀ nínú wọn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá bi mí pé, "Kìlómítà mélòó ni kí n gùn kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì?", ìbéèrè yẹn gan-an ni mo kọ́kọ́ máa ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan lo ọ̀sán kan gbáko lórí òkè ẹlẹ́rẹ̀. Ó ń gùn ún, ó ń ṣubú, ó ń dìde, gíà kìíní àti ìkejì ló wà látàárọ̀, ó ń fún kílọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tú u sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ké tantan. Nígbà tó délé, kìlómítà 11 péré ló rìn. Ẹlòmíràn gba ojú títì ọlọ́dà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ fún wákàtí 3, ó rin kìlómítà 200. Tó bá jẹ́ kìlómítà la fẹ́ fi wò ó, ọ́ìlì ti ẹnìkejì ló ti gbó. Bẹ́ẹ̀ ti ẹni àkọ́kọ́ ló ti jóná.

Àwọn tó ń ṣe alùpùpù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà Honda CRF450R, tó jẹ́ alùpùpù eré ìje pọ́ńbélé, ní kí a pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn eré ìje 6, tàbí bíi wákàtí 15. Wákàtí náà ni KTM, ilé iṣẹ́ alùpùpù mìíràn, fi ń ka ti àwọn SX-F rẹ̀ (ti eré ìje) àti EXC-F rẹ̀ (ti inú igbó). Kódà, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì jẹ́ tuntun, wákàtí 1 péré ni wọ́n ní kó fi ṣiṣẹ́ kí a tó da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù. Wákàtí kan! Ẹni tó bá kọ́kọ́ kà á á rò pé àṣìtẹ̀ ni. Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Irin tuntun tó bá ń fi ara gbo irin tuntun máa ń fá ara wọn wẹ́wẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, eruku irin yẹn kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ ó ṣe máa ka wákàtí

Tí alùpùpù yín kò bá ní òǹkà wákàtí, ẹ wá ọ̀kan sí i. Èyí tó wọ́pọ̀ jù kéré bíi páálí ìṣáná. Ẹ óò we wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì ní ìgbà mélòó kan, ẹ óò lẹ òǹkà náà mọ́ ibi tí ojú lè tó o, ó tán. Gbogbo ìgbà tí plọ́ọ̀gì bá ń ta iná ló ń kà. Òmíràn wà tí kò ní wáyà, tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n ló fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Èyí dára, àmọ́ ẹ máa fura sí i: tí ẹ bá di alùpùpù sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù lójú ọ̀nà oníkòtò, ó lè máa kà bí ẹni pé ẹ ń gùn ún.

Kí ẹ tó rí èyíkéyìí nínú wọn, ìwé kékeré kan àti bírò tó. Ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ gan-an. Àkókò tí ẹ fi jókòó sábẹ́ igi tí ẹ ń ròyìn bí ẹ ṣe ṣubú kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń sọ pé "mo gùn fún wákàtí mẹ́fà lónìí", tó sì jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì fi wà ní títàn.

Wákàtí mélòó wá ni?

Ọwọ́ irú èyí tí ẹ ní, àti ọwọ́ bí ẹ ṣe ń gùn ún ló wà. Ìwé tó bá alùpùpù yín wá ni olórí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni bí èmi ṣe ń ṣe é lábẹ́ ìwé náà, mi ò sì kọjá rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí alùpùpù eré ìje four-stroke (èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀), àwọn 250 àti 450, ìyẹn ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì wọn ní cc. Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kì í sinmi. KTM 250 SX-F lè yí dé ìgbà 14,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 7,000. Tí ẹ bá ń fi sáré ìje ní tòótọ́, tí ọwọ́ yín kì í kúrò lórí tọ́rọ́tù, wákàtí 5 sí 6 ni èmi fi ń da ọ́ìlì nù. Ìwé lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ò gbà. Lítà kan ọ́ìlì ni mo ń fi ṣòfò, tó bá tilẹ̀ jẹ́ òfò. Ẹ tún ṣàkíyèsí nǹkan kan tí àwọn ènìyàn kì í rò: 250 ló nílò rẹ̀ léraléra ju 450 lọ, kì í ṣe 450. Èyí tó kéré ní láti yí kíkankíkan kó tó lè bá ẹlòmíràn dọ́gba, nígbà tí 450 ń fi ìdajì agbára rẹ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà.

Alùpùpù kan náà yìí, tí ẹ bá ń fi rìn kiri inú igbó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, tí kò sí ẹni tó ń lé yín, á gbé wákàtí 10 dáadáa.

Àwọn enduro, ìyẹn alùpùpù eré ọ̀nà jíjìn inú igbó, bíi EXC-F ń lo ọ̀nà tó jọ èyí. Wákàtí 15 ni mo fi ṣe òpin tí ọ̀nà bá tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí ráàdíétọ̀. Tó bá jẹ́ àárín òkúta àti gbòǹgbò igi ni, níbi tí kílọ́ọ̀ṣì kì í ti sinmi, mo máa ń dá a padà sí 10.

Àwọn alùpùpù kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń tù lára, bíi Honda CRF230F, jẹ́ oníwà tútù. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í yí kíkan, wọ́n sì máa ń fara da àìtọ́jú ju bó ṣe yẹ lọ, èyí ló tilẹ̀ ń mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé wọn. Wákàtí 20 sí 25 tó fún wọn. Àmọ́ ẹ rántí pé wọn ò ní omi tó ń tù wọ́n. Tí ẹ bá ń fi ọ̀kan kọ́ ọmọdé ní gígùn lójú kan nínú oòrùn, tó ń yí po, tó ń yí po, kò sí atẹ́gùn gidi tó ń kan ẹ́ńjìnnì yẹn, ọ́ìlì nìkan ló ń jìyà rẹ̀.

Ó wá ku àwọn tó ń gba títì tó tún ń gba igbó. Ibí ni kìlómítà ti padà wọlé, ibí náà sì ni àṣìṣe tó tóbi jù wà. Ìwé Honda CRF250L sọ pé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kìlómítà 12,800 tàbí ọdún kan ni kí a máa fi pààrọ̀ ọ́ìlì. Nọ́ńbà yẹn tọ́ fún ẹni tó ń gba ojú títì lọ sí ibi iṣẹ́. Fún ẹni tó ń gbé e gba inú eruku àti odò ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kò tọ́ rárá. Ẹ gé e sí ìdá mẹ́ta, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ igbó nìkan ni gbogbo ìrìn rẹ̀, ẹ fi kìlómítà sílẹ̀, kí ẹ fi wákàtí 25 sí 30 ṣe òpin.

Two-stroke ńkọ́? Ọ́ìlì tó ń lọ sí ọ̀dọ̀ písítìnì ti wà nínú bẹntiróòlù, ó ń jóná lọ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí ẹ máa pààrọ̀ níbẹ̀. Mo ti pàdé ẹni tó gbà pé ìyẹn túmọ̀ sí pé two-stroke kò ní ọ́ìlì kankan láti dà nù. Ọdún mẹ́ta ló fi gun tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde nígbà tí a tú u dà bí omi ọ̀dà. Gíà àti kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ọ́ìlì tiwọn nísàlẹ̀, nǹkan bíi lítà 0.7 sí 0.8. Ìwọ̀nba tí kò ju báyìí lọ, pẹ̀lú gbogbo ohun tí kílọ́ọ̀ṣì ń bó sínú rẹ̀, wákàtí 15 ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Láìka irú èyí tó wù kó jẹ́, ìgbà mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ wo òǹkà rárá: ọjọ́ tí ẹ bá ra alùpùpù tí ẹlòmíràn ti lò, ohun yòówù tí ẹni tó tà á bá sọ, ọjọ́ tí omi bá wọ inú rẹ̀, àti kí ẹ tó gbé e pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Ọ́ìlì tó ti dọ̀tí ní omi àti ásíìdì nínú, kò sì dára kó jókòó ti irin fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ń sáré pa á

Gíà ló ń ṣe é ní jàǹbá jù. Ọ́ìlì ní àwọn èròjà gígùn nínú tó ń mú kó nípọn nígbà tó bá gbóná. Eyín gíà máa ń gé àwọn èròjà náà sí wẹ́wẹ́. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ 10W-50 sí lára (nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó) lè máa hùwà bí èyí tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ rẹ̀ lè má tíì yí padà. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan dájọ́. Ẹsẹ̀ yín máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í le, wíwá nútírà nígbà tí ẹ bá dúró á di ìjàkadì.

Kílọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé e. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀ láti gun òkè, awo rẹ̀ ń gbóná, ó ń bó, ohun tó bó sì ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Eruku náà wà: tí fílítà afẹ́fẹ́ bá dọ̀tí tàbí tí kò jókòó dáadáa, iyanrìn á gba ibẹ̀ wọ sílíńdà, kò sì sí ọ́ìlì tó lè gba ẹ́ńjìnnì náà là. Bẹntiróòlù pẹ̀lú máa ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì, pàápàá tí ẹ bá ń tan alùpùpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ sì ń pa á kó tó gbóná. Àṣà kí á máa tan án lójoojúmọ́ "kó má bàa kú" kò dára. Ẹ gùn ún, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀.

Irú ọ́ìlì

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ wá àmì JASO MA tàbí MA2 lẹ́yìn ìgò. Ìlànà àwọn ará Japan ni, ó ń fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì tó ń wẹ̀ nínú ọ́ìlì náà kò ní máa yọ̀. JASO MB kì í ṣe fún irú kílọ́ọ̀ṣì yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ "Resource Conserving" tàbí "Energy Conserving" sí lára: wọ́n fi èròjà tó ń mú nǹkan yọ̀ sí i, ohun tí kílọ́ọ̀ṣì kò sì fẹ́ nìyẹn. Ní ti nọ́ńbà, 10W-30, 10W-40, 10W-50, èyí tí ìwé bá sọ ni kí ẹ lò. Síńtẹ́tíìkì dára, ó ń fara da ooru ju èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tí a ń dà nù ní wákàtí 6 sàn ju ọ́ìlì olówó gọbọi tí a fi sílẹ̀ di wákàtí 25.

Iṣẹ́ náà gan-an

1. Ẹ fọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Tí irin ààbò bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u. Ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ibẹ̀ ló máa já bọ́ sínú ihò tí ẹ bá ṣí i láìfọ̀.

2. Ẹ tan alùpùpù fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹ fẹ́ kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè ṣàn, kó sì kó ìdọ̀tí dání. Ẹ ò fẹ́ kó hó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gùn ún tipátipá, ẹ dúró kó tutù díẹ̀, torí irin páìpù èéfín kì í bá ènìyàn ṣeré. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ọ́ìlì tí a ti lò kò dára kó máa pẹ́ lára awọ.

3. Ẹ gbé e nàró lórí ìdúró, ẹ gbé abọ́ fífẹ̀ sábẹ́, kí ẹ ṣí ìdérí òkè. Ẹ ti àkísà mímọ́ bọ ẹnu ihò náà. Nọ́ọ̀tì kékeré tó bá bọ́ wọ ibẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú di iṣẹ́ ọjọ́ méjì.

4. Ẹ tú nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ rí i dájú pé ẹ mọ iye wọn. Àwọn kan ní ẹyọ kan. Àwọn CRF eré ìje ti àtijọ́ ní méjì, torí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ti gíà wà lọ́tọ̀, ihò méjì sì ni wọ́n fi ń dà á sí. Wọn kì í pàdé. Lára Honda XR650L àti Suzuki DR-Z400, inú férémù alùpùpù fúnra rẹ̀ ni apá kan ọ́ìlì ń gbé, nítorí náà nọ́ọ̀tì kan tún wà lára férémù níwájú. Ẹni tó bá tú ti ìsàlẹ̀ nìkan, ìdajì ọ́ìlì àtijọ́ ló fi sílẹ̀, tó bá wá da iye tó wà nínú ìwé lé e, á kún àkúnwọ́sílẹ̀.

5. Bó ti ń ro tán lọ, ẹ kọjú sí fílítà. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ìdérí kékeré oní-nọ́ọ̀tì méjì tàbí mẹ́ta ló bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ dúró, kí ẹ wo bó ṣe jókòó: apá wo ló ní ihò, apá wo ló dí, níbo ni sípíríǹgì wà, òrùka rọ́bà mélòó ló wà. Ẹ yà á ní fọ́tò. Lára ọ̀pọ̀ fílítà Honda, wọ́n kọ "OUT-SIDE" sí apá tó gbọ́dọ̀ kọjú síta. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n fi kọ ọ́. Tí ẹ bá fi í sí lódì, ó máa wọlé, ìdérí máa pa dé, alùpùpù máa tàn, ohun gbogbo á dà bí ẹni pé ó dára. Àmọ́ ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà ti dí, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ní gbígbẹ. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun díẹ̀ pa òrùka rọ́bà, ẹ fi ìka ro inú ihò náà yíká láti mọ̀ pé èyí àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ṣé gbogbo ìgbà ni kí ẹ pààrọ̀ fílítà? Tó bá jẹ́ ti eré ìje, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìrìn wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín ìpààrọ̀ ọ́ìlì méjì. Tí alùpùpù yín bá ní asẹ́ irin nínú, ẹ yọ òun náà, kí ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wo ohun tó há sí i lójú kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

6. Ẹ nu òòfà orí nọ́ọ̀tì tó bá ní in, ẹ fi wáṣà tuntun sí i, ẹ fọwọ́ yí i wọlé títí kó fi jókòó, kí ẹ tó gbé sípánà. Ara ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ alumíníọ́mù, nọ́ọ̀tì jẹ́ irin. Tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ẹ́ńjìnnì ló máa ń pàdánù. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀kan jẹ́. Mo rí i pé ó ń ro díẹ̀díẹ̀, mo fún un mọ́, ó ṣì ń ro, mo tún fún un mọ́, lẹ́yìn náà ni mo rí i tí sípánà kàn rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọ̀bẹ gé nǹkan rírọ̀. Tírẹ́ẹ̀dì ti bó. Wáṣà àtijọ́ tí mo lọ́ra láti pààrọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ yá sípánà oníwọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ní in tí ẹ kò bá ní: lára ọ̀pọ̀ wọn, nǹkan bíi 20 sí 25 N·m (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì mọ́) ni nọ́ọ̀tì abẹ́, ti ìdérí fílítà sì jẹ́ nǹkan bíi ìdajì rẹ̀. Ẹ wo ti yín gan-an nínú ìwé.

7. Ẹ fi àrọ da ọ́ìlì tuntun sí i, ṣùgbọ́n ẹ dá nǹkan bíi mílílítà 100 dúró. Ìwé máa ń dárúkọ iye méjì tàbí mẹ́ta: èyí tí a ó dà bí a kò bá yí fílítà, èyí tí a ó dà bí a bá yí i, àti ti ìgbà tí a bá tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ka èyí tó tóbi jù, tí wọ́n á dà á sí. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù kì í ṣe àǹfààní. Ó máa ń rú fóòmù, ó sì máa ń gba páìpù èémí lọ sínú àpótí fílítà afẹ́fẹ́.

8. Ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, ẹ má tẹ tọ́rọ́tù, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń ro. Ẹ pa á, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ẹ wá wo gíláàsì kékeré ara ẹ́ńjìnnì tó ń fi ibi tí ọ́ìlì dé hàn, kí alùpùpù wà ní nínàró ṣánṣán. Tí kò bá tíì tó, ẹ rọra fi èyí tí ẹ dá dúró kún un. Ìtẹ̀sí kékeré lè tàn yín jẹ pátápátá. Tó bá jẹ́ géèjì, ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ló ní, ẹ kà nínú ìwé bóyá kí ẹ yí i wọlé tàbí kí ẹ kàn tì í bọ ibẹ̀. Ti Honda, títì bọ ibẹ̀ láìyí i ló sábà máa ń jẹ́. Fún àwọn tí ọ́ìlì wọn ń gbé inú férémù, ẹ wò ó láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná. Tó bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, géèjì á máa sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, ẹ óò wá da púpọ̀ lé e.

Kíka ohun tó jáde

Ẹ má tíì da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Abọ́ ọ́ìlì yẹn ni ibi tí ẹ ti lè tètè mú un.

Ẹ da díẹ̀ sórí aṣọ funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn, kí ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Dúdú lásán kì í ṣe ìṣòro. Èérí eérú tó rọ̀ bí ìpara lórí òòfà náà kò burú, gíà ló ń yọ̀ǹda ìyẹn. Tó bá jẹ́ ègé irin tí ìka lè mú, tó ní igun, ẹ dúró, ẹ má gùn ún mọ́ títí ẹ ó fi mọ ibi tó ti wá. Ohun tó ń dán bíi fàdákà, tí òòfà kò fà, alumíníọ́mù ni, ó lè jẹ́ písítìnì tàbí ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ń dán bí idẹ sábà máa ń wá láti ara àwọn bọ́ọ̀ṣì. Òwú dúdú wínníwínní, kílọ́ọ̀ṣì ni. Tó bá pọ̀, àwọn awo ti ń tán lọ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú: tó bá ń rùn bẹntiróòlù gidigidi, tó sì ṣàn bí omi, ẹ wo káàbúrẹ́tọ̀ tàbí ohun tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn náà ẹ gé fílítà, ẹ nà án sílẹ̀ bí ìwé. Ohun tí ọ́ìlì kò fi hàn yín, ibẹ̀ ló máa ń sá sí.

Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Tí ẹ kò bá gba odò kọjá, ẹ wo omi ráàdíétọ̀ bóyá ó ti dín, kí ẹ sì wá ihò kékeré tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù omi lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì: tí nǹkan bá ń ro níbẹ̀, síìlì pọ́ǹpù ti lọ. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ ìdérí òkè nìkan ló ní ìfófó funfun díẹ̀, tí alùpùpù kì í sì í rìn jìnnà, ìrì inú ẹ́ńjìnnì lásán ni; ìrìn gígùn kan á gbé e lọ.

Ti odò yàtọ̀. Mo ti gbé tèmi wọ inú omi kan tí mo rò pé kò kọjá orúnkún, ó sì gbé mi mì dé àyà. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tẹ bọ́tìnì, ẹ má ta kíkì. Ẹ tú plọ́ọ̀gì kúrò, kí ẹ wá rọra ta kíkì kí omi tú jáde láti ihò rẹ̀. Ẹ fún omi kúrò lára fílítà afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá délé, ẹ da ọ́ìlì nù, ẹ da èyí tí kò wọ́n sí i, tó bá ṣáà ti ní àmì MA, ẹ tan án títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má gùn ún, ẹ tún dà á nù. Èkíní á jáde ní funfun, èkejì á jáde ní pupa rúsúrúsú, ti ẹ̀ẹ̀kẹta ló sábà máa ń mọ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi fílítà tuntun àti ọ́ìlì gidi sí i. Wákàtí 2 tàbí 3 lẹ́yìn náà, mo tún máa ń da ìyẹn náà nù.

Ọ́ìlì tí ẹ kó jọ, ẹ dà á padà sínú àwọn ìgò tó ṣófo, ẹ dé e pinpin, kí ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba ọ́ìlì àlòkù. Ẹ má dà á sílẹ̀, ẹ má dà á sí gọ́tà. Lẹ́yìn náà ẹ gé tépù funfun díẹ̀, ẹ kọ wákàtí tó wà lórí òǹkà sí i, ẹ fi wákàtí 10 tàbí iye tí ẹ yàn kún un, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìjókòó níbi tí ẹ óò ti rí i nígbà tí ẹ bá tún ń yọ fílítà afẹ́fẹ́ láti fọ̀ ọ́. Tèmi ti òní kà báyìí: 84.2, lẹ́yìn náà 94.2.